Ohùn Mi Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Wọ́n fún ọmọbìnrin kan ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ohùn mi. Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ mi, mo ń wò ó bó ṣe gbé ohun dídán náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, títí dórí ẹni tó ń bá a ṣe irun. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ gba máìkì, ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń wo fíìmù ọ̀daràn, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ ohùn tó mú òun gbọ̀n rìrì bí ohùn obìnrin yìí, níbi tó ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá pé òun lòun ti ọkọ òun láti orí àtẹ̀gùn. Mo ní, "O kú ohùn o, ọmọ dáadáa." Ìyá ọkọ mi nìkan la jọ wà nílé, ó sì ti sùn nínú yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Aránṣọ ni mí. Ẹni tó darí fíìmù náà, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì ká nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn mi ló sì ti mọ ayé. Èmi ni mo ń rán aṣọ iléèwé rẹ̀, èmi ni mo ń lọ bẹ olùkọ́ rẹ̀ nígbà tó bá sá lọ sí ilé sinimá. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí mo bú u níbí, ẹ má bá mi dá sí i. Ẹni tó bá gbé ọmọ pọ̀n ló lè sọ bó ṣe wúwo tó.

Ọkọ mi máa ń tún fíríìjì ṣe, ó sì ń gun òrùlé lọ so ẹ̀rọ amúlétutù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi pé olórí kunkun ni. Gílóòbù tó wà lókè àtẹ̀gùn ilé wa jó lọ́jọ́ kan, ó sì gbé àpótí ìjókòó ka orí àtẹ̀gùn láti pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un pé àpótí kì í dúró lórí àtẹ̀gùn. Òkè ni mo wà, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, nígbà tí mo gbọ́ tí àpótí yẹn yẹ̀. Màmá, ìyá ọkọ mi, wà nísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí fírífírí, ṣùgbọ́n òun náà gbọ́. Àwa méjèèjì gbọ́, kò sẹ́ni tó rí i. Kí n tó sáré dé ìsàlẹ̀, ọkọ mi ti lọ.

Àwọn ẹbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohùn àbúrò ọkọ mi ló ga jù. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ó ní báwo ni ọkùnrin tó ń gun orí òrùlé ká ṣe máa ṣubú nínú ilé ara rẹ̀? Màmá ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó pè wọ́n jọ sínú pálọ̀, ó ní, "Ojú mi ló fọ́, etí mi ò fọ́. Mo gbọ́ igbe tí ìyàwó mi ké bọ̀ láti òkè. Ẹni tó pa ọkọ kì í ké bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá tún dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí, kó má dé ọ̀dọ̀ mi mọ́." Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Àbúrò ọkọ mi gbé ẹnu rẹ̀ lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, èmi àti Màmá nìkan la kù. N kò bímọ. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn mi títí aṣọ wọn á fi parí. Nínú gbogbo ayé yìí, obìnrin arúgbó yẹn ni ẹnìkan ṣoṣo tó mọ̀ pé n kò ṣe é, tí kò sì bi mí léèrè rí. Ohun tí mo ní nìyẹn, òun náà sì ni mo pàdánù.

Nígbà tí àbúrò mi wá bá mi nípa fíìmù, gbogbo ilẹ̀kùn ló ti tì mọ́ ọn lójú. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọkùnrin tó ń fi kámẹ́rà ya fíìmù. Òjìji ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbikíbi tó bá wà. Tí o bá tan iná pálọ̀, Òjìji á dìde, á pa á. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga mi, wọ́n ń sọ ìtàn náà fún mi bí ẹni ń ta ọjà. Obìnrin kan wà, ó ní àlè, àlè náà ń ṣe kọ́kọ́rọ́, àwọn méjèèjì pinnu láti pa ọkọ obìnrin náà. Ọlọ́pàá kan wá, ọlọ́pàá náà fẹ́ràn obìnrin yìí. Gbogbo wọn ló burú, gbogbo wọn ló sì parun.

Mo ní, "Báwo ni wọ́n ṣe pa ọkọ rẹ̀?"

Àbúrò mi wo Òjìji. Òjìji wo ilẹ̀.

"Wọ́n tì í lórí àtẹ̀gùn," àbúrò mi ní.

"Àtẹ̀gùn ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àtẹ̀gùn ni àtẹ̀gùn. Ilé yín nìkan ló kù tí wọ́n lè gbà wá láyè. Kò kan Bọ̀dá ọkọ yín rárá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bọ̀dá ò ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni."

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo dìde lọ gbé omi kaná tí n kò fẹ́ mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, mo rí bí bàtà rẹ̀ ṣe lu ní ìsàlẹ̀, mo rí i pé ó ti rù. Kí ni kí n ṣe? Àbúrò mi ni. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Màmá béèrè irú eré tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àbúrò mi dáhùn kíá, ó ní, "Apanilẹ́rìn-ín ni, Màmá." Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára, kí ilé náà rí ẹ̀rín díẹ̀. Wọ́n mú un lọ sílé àbúrò ọkọ mi kí ariwo má baà dí i lọ́wọ́.

Ẹ wá wo iṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n òru ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní kí n rán aṣọ dúdú, mo rán an, wọ́n fi bo gbogbo fèrèsé. Òjìji gé páálí sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e síwájú iná, ìmọ́lẹ̀ bá ń já lu ògiri mi ní ìlà ìlà, gbogbo ilé wá dà bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n fi rọ́bà fọ́n omi sí fèrèsé láti ìta kó lè dà bíi pé òjò ń rọ̀. Oòrùn ń ràn, aládùúgbò kan dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fèrèsé yẹn ló dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. N kò purọ́, inú mi dùn láwọn ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ya ibi àtẹ̀gùn, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo ń ká aṣọ tó ti gbẹ, mo ń tú u, mo tún ń ká a.

Wọ́n parí, wọ́n kó ẹrù wọn lọ, Màmá padà wálé. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi àti Òjìji tún dé, ojú wọn fàro. Ẹ̀rọ tí aládùúgbò fi ń fa omi ti ń kùn hùn-ùn lábẹ́ gbogbo ibi tí obìnrin inú fíìmù ti jẹ́wọ́, wọn kò sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tó ṣe é ti gba iṣẹ́ níbòmíràn, ó ní òun kò lè padà wá nítorí ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan. Ká sòótọ́ tiẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́. Nínú ibi tó ṣókùnkùn tí Òjìji yà yẹn, ẹnu nìkan là ń rí, a ò fi bẹ́ẹ̀ rí ojú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ohùn lè sọ̀rọ̀ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ohùn yín wúwo. Ẹ bá mi sọ ọ́."

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó wà nínú yàrá mi ló fi mí sí. Ó ní aṣọ máa ń gbé ohùn tó bá fẹ́ ta padà lára ògiri mì, pé àwọn tí kò ní iléeṣẹ́ tiwọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Màmá ti bá aládùúgbò jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Mo jókòó sínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ mi ká mọ́ àyà, máìkì wà lẹ́nu mi, aṣọ ọkọ mi sì rọ̀ sí mi lórí, nítorí n kò tíì lè fi wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. "Èmi ni mo tì í. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí. Mo sì tún tì í."

Mo sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni ń ka ìkéde lẹ ṣe ń kà á."

Mo tún un sọ. Ó ní ó ti sàn díẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún un sọ títí ẹnu fi ń ro mí. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ sí ibi ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. "Ẹ gbóòórùn kóòtù Bọ̀dá. Ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Ẹ kàn rántí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀."

Mo fa apá kóòtù náà mọ́ imú. Ó ṣì ń rùn bí epo ẹ̀rọ àti ọṣẹ. Mo sì sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹnu mi ń sọ ni pé mo tì í. Ohun tí ọkàn mi ń sọ ni pé kí ló dé tí n kò sí níbẹ̀ láti di àpótí yẹn mú, kí ló dé tí n kò fi aṣọ aláṣọ sílẹ̀ kí n wá di ọkọ mi mú. Ohùn mi fọ́ láàárín. Nígbà tí mo jáde, Òjìji ń nu ojú, àbúrò mi dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ ti ṣe é. Ẹ ti gbà mí là."

Kò kọ orúkọ mi sínú fíìmù náà. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé ohùn ọmọbìnrin náà kọ́, yóò dójú tì í, yóò sì dójú ti gbogbo wọn. Mo ní kò burú, kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe nínú fíìmù?

Fíìmù náà jáde, ó sì gbé àwọn méjèèjì ròkè. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí kì í gbé fóònù àbúrò mi tẹ́lẹ̀ wá ń pè é ní sà. Òjìji, tí kò ní iná kan àtàtà, àwọn olówó ń gbé ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí i kó wá bá àwọn ṣe òkùnkùn. Ọmọbìnrin olóhùn òwú gba àmì ẹ̀yẹ, bí mo ṣe wí. Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni, ṣùgbọ́n èmi kò bò ó. Èmi náà ń yangàn fún àwọn oníbàárà mi pé ilé mi yìí ni, àtẹ̀gùn yìí gan-an ni. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí i.

Ọ̀rọ̀ kan tí àbúrò mi sọ lórí rédíò ló bà á jẹ́. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò béèrè ibi tó ti rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ti mọ́ ọn lára báyìí, ó ní, "Inú ìdílé wa ni. Ó sún mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ." Obìnrin tó ń bi í léèrè mí kanlẹ̀, ó ní, "Há!" Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, mo gbọ́ ọ, abẹ́rẹ́ sì gún mi níka. Ta ló ń gbọ́ rédíò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú nínú ilé wa? Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Màmá jókòó lórí àga rẹ̀, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní tíì òun ti tutù.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àbúrò ọkọ mi náà ti gbọ́. Mo jáde lọ ra òwú, nígbà tí mo sì padà dé, mo gbọ́ ohùn ara mi nínú pálọ̀. "Èmi ni mo tì í. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí." Àbúrò ọkọ mi gbé fóònù sí etí Màmá, ó gbójú sókè wò mí bí ẹni tó mú olè. Màmá na ọwọ́.

"Tún un gbé," ó ní.

Ó tún un gbé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di òwú mú, mo tún ara mi gbọ́.

"Màmá, fíìmù ni," mo ní.

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé ẹ gbọ́ o?" àbúrò ọkọ mi ní. "Ó gbà pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀."

Màmá ní kó máa lọ sílé. Ó ní òun fẹ́ ronú. Láti ìgbà náà, tí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń kí mi kú iṣẹ́ bí ẹni ń kí àlejò.

Mo pe àbúrò mi. Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo tún pè é, ó ní òun máa rí sí i. Mo ní, "Tí o kò bá wá sọ fún obìnrin yìí pé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́ láyé." Ó wá. Gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀ nínú ilé, nínú pálọ̀ tí mo ti gbé e pọ̀n. Mo ní kó bọ́ ọ, ó bọ́ ọ.

"Màmá," ó ní, "ẹ dárí jì wá. Èmi ni mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ yẹn. Mo kàn ní kí Ẹ̀gbọ́n mi bá mi kà á ni. Kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀."

"Èyí tí o sọ lórí rédíò ńkọ́? Ìwọ náà lo kọ ọ́?"

"Bí a ṣe ń ta fíìmù nìyẹn, Màmá. Tí mo bá ní mo kàn rò ó ni, kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

"Irọ́ ni, nígbà náà."

"Kì í ṣe irọ́ bí irọ́, Màmá..."

"Apanilẹ́rìn-ín tó o ní ẹ fẹ́ ṣe ńkọ́?"

Mo ní, "Padà sórí rédíò yẹn, kó o tún un sọ. Sọ pé irọ́ lo pa."

Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ sì pọ́n, n kò ní sọ pé kò dùn ún. "Ẹ̀gbọ́n mi, n ò lè ṣe é. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ tuntun fún mi. Apá kejì ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó lẹ́yìn náà."

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín kíkorò. "Wò mí dáadáa," mo ní. "Gbé kámẹ́rà wá."

"Ẹ dákẹ́," Màmá ní. Ó gbọ́n aṣọ itan rẹ̀, ó kọ etí sí ọ̀dọ̀ mi. "N ò fẹ́ gbọ́ ti ọmọ yìí mọ́. Ìyàwó mi, n ò bi ọ́ rí. Ó dáa, mo bi ọ́ lónìí. Sọ fún mi."

Mo ní, "Màmá, n ò tì í. Inú yàrá ni mo wà, nídìí ẹ̀rọ. Mo gbọ́ tí àpótí yẹ̀, mo sáré jáde."

Òótọ́ ni, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, mo ti sọ ọ́ fún dókítà, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ṣá bí aṣọ tí a fọ̀ ní àfọ̀jù. Ó jáde lẹ́nu mi gbígbẹ. Èmi náà gbọ́ ọ, nítorí láti inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni mo ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ ara ẹni. Àbúrò mi tẹ̀ sí mi létí. "Ẹ rọra," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ mí kanlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

Ǹ bá gbá a létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí, mo sì mí kanlẹ̀. Mo rọ ohùn mi sílẹ̀, mo tún un sọ, "Màmá, n ò tì í," ohùn mi sì gbọ̀n níbi tí mo fẹ́ kó ti gbọ̀n.

Màmá mirí.

"Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ," ó ní. "Ìyẹn tí mo gbọ́ nínú fóònù, ìwọ ni. Mo mọ̀ ọ́, inú rẹ ló ti wá. Eléyìí, eré lò ń ṣe fún mi."

Mo wo àbúrò mi kó sọ̀rọ̀. Ó gbójú sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ ìyàtọ̀, ó sì mọ̀ pé bó ṣe rí létí gan-an ni Màmá sọ.

Màmá dìde. Mo na ọwọ́ sí i bí mo ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ògiri ló wá lọ, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ títí ó fi dé ẹnu yàrá rẹ̀. Ó ní kí n pe àbúrò ọkọ mi fún òun, kó wá kó ẹrù òun. Màmá kò ríran tẹ fóònù, àbúrò mi kò sì ní nọ́ńbà náà. Èmi ni mo pè é.